Orúkọ Tó Wà Lára Ìgò

Ọjọ́ Ajé, 4 Òkúdù, 1956. Bàrígà

Sístà, olórí nọ́ọ̀sì ọsibítù Yábàá, ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, iye omi tí Bàbá mu àti iye ìtọ̀ tó wọ inú ìgò, kí n má fi ọjọ́ kan ṣeré. Mo ra ìwé yìí ní Ṣómólú, tọ́rọ́ ni. Ìtọ̀ nìkan kò lè kún un. Nígbà tí kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé yìí ju èmi àti Bàbá, bàbá ọkọ mi, lọ, tí Bàbá kì í sì í sọ̀rọ̀, ìwé ni n ó máa bá sọ tèmi. Sístà ní kí n kọ orúkọ aláìsàn síwájú rẹ̀. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìkọ.

Wọ́n dá abẹ́ ìdodo Bàbá lu, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni ìtọ̀ ń gbà bọ́ sínú ìgò. Nǹkan kan ló wú tó dí ojú ọ̀nà ìtọ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ tó ti sé mọ́ ọn nínú ti ba kíndìnrín rẹ̀ nínú jẹ́. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín ti kó dànù kún inú rẹ̀. Yúríà ni wọ́n ń pè é. Tirẹ̀ jẹ́ 184. Dókítà ní títí yóò fi wálẹ̀ kọjá 60, òun ò ní fi ọ̀bẹ kàn án, torí bí òun bá kàn án báyìí, kò ní jí. Bẹ́ẹ̀dì ò sì sí. Ẹ máa lọ sílé, ẹ máa fún un lómi mu, ẹ máa padà wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Bí a ṣe ń jókòó tí à ń retí káàdì, nọ́ọ̀sì kan tí kò tí ì pé ogún ọdún dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi gbogbo ohùn pe orúkọ Bàbá, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ gan-an, láìfi "Bàbá" ṣíwájú. Ojú tì mí, mo wo ilẹ̀. Nínú ọkọ̀ ni Bàbá tó wá bi mí pé, "Ìyàwó, kí ni ọmọ yẹn pè mí?"

Mo ní, "Ẹ má dá a lóhùn, Bàbá. Wọn ò kọ́ ọ nílé."

Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé. Mo mọ̀ pé inú bí i.

Ọjọ́rú, 6

Omi: ife mọ́kànlá. Ìtọ̀: ìgò méjì àbọ̀. Òjò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tójú ń rí, kó wá máa da ìtọ̀ bàbá ọkọ rẹ̀ nù. Láàárọ̀ mo kan ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ kú ojúmọ́ Bàbá. Bàbá yíjú sógiri. Mo tú ìgò, mo gbé e síta, mo wo ibi tó kún dé, mo dà á nù, mo fi omi gbígbóná ṣàn án, mo gbé e padà. Ní gbogbo ìgbà yẹn ògiri ni Bàbá ń wò. Ó ṣe díákónì ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Mo mọ̀ pé ìtìjú yìí ń dùn ún ju rọ́bà lọ.

Èmi náà ń tijú, ta ni mo fẹ́ sọ fún? Bọ́dúndé ló yẹ kó máa da ìgò yìí nù. Ọdún kẹfà rèé tó ti lọ Kùmásí pé òun ń lọ ṣòwò aṣọ, ọdún kejì rèé tí mo ti gba lẹ́tà rẹ̀ kẹ́yìn. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí fún un ti kú kó tó lọ. Mo tún kọ̀wé sí i ní Ìṣẹ́gun pé bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn. "Bọ́dúndé A." ni mo kọ sára àpò ìwé, bí mo ṣe máa ń kọ ọ́, nítorí orúkọ Bàbá ló fi ṣe orúkọ ìdílé, mi ò sì lè kọ orúkọ Bàbá.

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti wọlé wọn. "Bàbá" ni mò ń pè é lójú. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, mo máa ń fi oríkì rẹ̀ pè é, Bàbá Àlàmú. Orúkọ àbísọ rẹ̀ kò tẹnu mi jáde rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sìn mí relé ọkọ, ìyá mi ní ohun tí ẹnu ìyàwó ò gbọdọ̀ pè, kí ọwọ́ rẹ̀ má ṣe kọ ọ́. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ilé yìí ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé èmi ni ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ sá lọ. Kí wọ́n máa sọ. Èmi mọ ohun tí mò ń ṣe, ìyàwó ni mí, mo sì ń ṣe bí ìyàwó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Ọjọ́ ẹ̀jẹ̀. Bàbá ò jẹun láti àṣálẹ́ àná. Bọ̀lẹ̀kájà gbọ̀n wá dé Yábàá, mo gbé ìgò sábẹ́ ìró mi kí ará ọkọ̀ má bàa rí i.

Ọkùnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Lazarus, ọmọ Ìlàjẹ, etí omi Bàrígà níbí náà ló ń gbé. Ó gbẹ bí ẹja tí wọ́n yan, kì í rẹ́rìn-ín. Ó fa ẹ̀jẹ̀ lápá Bàbá, ó rọ ọ́ sínú ìgò kékeré, ó gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́, ó lẹ bébà mọ́ ọn.

Bàbá bi í pé, "Kí lẹ ń fi ìyókù ṣe?"

"Ìyókù kí ni, Bàbá?"

"Ẹ̀jẹ̀ náà. Kò jọ pé gbogbo rẹ̀ lẹ ó lò."

"À ń dà á nù ni, sà."

"Níbo?"

Ọ̀gbẹ́ni Lazarus wò mí bíi pé èmi ni mo rán Bàbá. Ló bá mú wa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ìyẹ̀fun kan hàn wá, ó ní ẹ̀wà ni wọ́n lọ̀ bẹ́ẹ̀, láti òkè òkun. Òun yóò da ìyẹ̀fun ẹ̀wà náà sínú ẹ̀jẹ̀, òun yóò ro oògùn kan lé e, yóò sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bó bá ṣe pọ́n tó ni ìdọ̀tí ṣe pọ̀ tó. Bàbá tẹjú mọ́ ìgò ìyẹ̀fun náà. Ẹ̀wà, ẹran, ẹyin àti ẹja ni dókítà fòfin dè é láti má jẹ, ẹ̀kọ àti iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ló kù fún un.

Bàbá ní, "Ẹ̀jẹ̀ mi ń jẹ ẹ̀wà, èmi ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ọjọ́rú, 13

Mo lọ gba èsì. 131. Ó ń wálẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 17

Mi ò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ta ni yóò ṣọ́ Bàbá? Mo ka Sáàmù sí i létí, ó sùn kí n tó parí rẹ̀. Sabina tó ń ta ẹja wá láti etí omi pẹ̀lú ọ̀bọ̀kún méjì tó ṣì ń mí, ó ní ṣílè kan péré. Mo ní dókítà ò gbà fún wa. Ó ní, "Ìyàwó, ẹni tí ò jẹja, kí ló fẹ́ fi gbádùn?" Bàbá gbọ́ òórùn ẹja yẹn, ó jí. Mo ní kí Sabina máa gbé e lọ.

Omi: ife mẹ́sàn-án. Ìtọ̀: ìgò méjì. Mo fi ẹ̀rọ ìránṣọ mi rán ṣẹ́ẹ̀tì méjì fún oníbàárà, mo jẹ ẹ̀kọ, mo jókòó. Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Òjò ọ̀la-kò-sí. Omi ti ọ̀sà gòkè, ó pàdé tòjò lójú títì, a wọ́ omi dé orúnkún ká tó rí ọkọ̀ wọ̀. Mo fi ike bo ìgò, mo fi gèlè mi bo rọ́bà, mo gbàgbé káàdì sínú àpò tó jò. Nígbà tí a fi débẹ̀, gbogbo íńkì orí rẹ̀ ti ṣàn di aró.

Èrò pọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Lazarus gba káàdì, ó gbé e sókè sí iná, kò rí nǹkan kan kà. Ó ní, "Kí lorúkọ Bàbá?" Bàbá ti sùn lọ sórí bẹ́ǹṣì, oorun ìdákúrekú báyìí ló ń sùn látọjọ́ mẹ́ta. Mo ní, "Bàbá Àlàmú ni, sà." Ó kọ ọ́ sára bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò, ó ní ó kan ẹni tó kàn.

Ọjọ́rú, 20

38!

Mo dé fèrèsé, obìnrin ibẹ̀ pe "Àlàmú?", mo ní àwa nìyí, ó na bébà sí mi. 38. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Sístà náà kà á, ó ní, "Ó mà yára o." Ó gbé e wọlé tọ dókítà, ó padà wá pé ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀dì yóò ṣófo, kí n gbé Bàbá wá, lọ́jọ́ Ẹtì wọn yóò ṣe é.

Nínú bọ̀lẹ̀kájà, mo ń sunkún bí ọmọdé. Obìnrin kan ní ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú o, ìyá.

Mo gba etí omi kọjá, mo ra ọ̀bọ̀kún ńlá kan lọ́wọ́ Sabina. Bàbá jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́. Lọ́la n ó se ẹ̀wà fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Òsúkè ń ṣe Bàbá láti àná, kò dáwọ́ dúró. Kò fẹ́ ẹja mọ́. Ahọ́n rẹ̀ funfun, ẹnu rẹ̀ ń rùn bí ìtọ̀. Mo ní bóyá ẹja náà ni ò bá a lára mu. Omi: ife mẹ́rin. Ìtọ̀: ìgò kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26

Ọjọ́ pípààrọ̀ rọ́bà. Sístà kanjú, ó pààrọ̀ rẹ̀, ó ní ó di Ọjọ́bọ̀.

Obìnrin kan jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó fi ìborùn bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Mo dá sí i. Ó ní Látífàt lòun ń jẹ́, Ìwáyà làwọn ń gbé, ọkọ òun ni. Ọkọ òun ń la pákó. Ìtọ̀ ló ń bọ́ ní ẹ̀kán ẹ̀kán fún un, kò sí nǹkan mìíràn tó ń ṣe é, ó ń jẹ ẹ̀bà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbé gẹdú. Ó ní wọ́n wá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, èsì ẹ̀jẹ̀ náà ní kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́. 119. Dókítà ní kò ṣeé là.

Ó ní, "Látọjọ́ yẹn ló ti dùbúlẹ̀. Kò ṣàìsàn kó tó gbọ́. Ó ti fún àbúrò rẹ̀ ní ayùn ńlá. Ó ní òkú kì í la pákó."

Mo ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà?"

"Ọjọ́ òjò ńlá yẹn. Ìṣẹ́gun."

"Kí lorúkọ ọkọ yín?"

Ó ní, "Àlàmú. Àlàmú Agẹdú ni wọ́n ń pè é ní Ìwáyà."

Mo wo Bàbá tó ń ṣòsúkè lójú oorun. Mo dìde, mo gbé e, a lọ sílé. Mi ò sọ nǹkan kan fún obìnrin yẹn. Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbí bó ṣe rí: mi ò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 27

Mi ò ránṣọ. Mo ń rìn káàkiri yàrá.

Bí mo bá sọ ọ́, bẹ́ẹ̀dì lọ nìyẹn. Wọn yóò ní èmi ni mo parọ́ orúkọ. Bóyá kò rí bí mo ṣe rò ó. Bóyá 38 náà ni ti Bàbá lóòótọ́, kí ọkùnrin Ìwáyà sì ní àìsàn tirẹ̀. Mo sọ ọ́ báyìí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, òsúkè Bàbá sì ń dá mi lóhùn láti inú yàrá. Mo mọ̀. Láti Àbámẹ́ta ni mo ti mọ̀, mo ń di ẹ̀bi lé ẹja lórí.

Èmi tí mo mọ̀wé. Èmi tí mo ṣe Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Onítẹ̀bọmi. Ṣebí mo lè gba bírò kí n kọ orúkọ náà. Kò sọ sí mi lọ́kàn pàápàá. Ọdún mẹ́rìnlá ti mú un kúrò nínú ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe. Kí n sì sọ òótọ́ fún ìwé yìí, torí kò sẹ́lòmíràn: mo fẹ́ràn àìpè náà. Bọ́dúndé ti lọ, ọmọ ti lọ, kò sí aṣọ tuntun, kò sí lẹ́tà. Orúkọ tí mi ò pè yẹn ló kù tó ń jẹ́rìí sí mi pé mo lọ́kọ. Bí mo bá pè é, kí ló kù lọ́wọ́ mi?

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ara tèmi ni yóò dákẹ́ bí mo bá dákẹ́. Ti Bàbá ni, lórí tábìlì dókítà, lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọjọ́bọ̀, 28

A débẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Mo tẹ́ Bàbá sórí bẹ́ǹṣì, mo fi ìborùn mi ṣe ìrọ̀rí fún un, mo dúró de Ọ̀gbẹ́ni Lazarus. Bó ṣe yọ, mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí ló dé. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ó ṣí ìwé ńlá rẹ̀, ó fi ìka wá Ìṣẹ́gun ọjọ́ kọkàndínlógún. Àlàmú wà níbẹ̀, ìlà mẹ́ta sísàlẹ̀, Àlàmú tún wà níbẹ̀.

Ó ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ pè é ní Àlàmú?"

"Oríkì rẹ̀ ni, sà. Mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Bàbá ọkọ mi ni."

"Ìyá mi náà kò pe orúkọ bàbá bàbá mi títí ó fi kú," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìyá mi kò fi orúkọ kankan sára ìgò ẹ̀jẹ̀." Ó pa ìwé náà dé. "Ẹ̀bi èmi náà ni. Èmi ni mo yẹ kí n bi yín pé Àlàmú ta. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo sì fẹ́ relé kí omi tó dé ẹnu ọ̀nà mi."

Ó tọ dókítà lọ. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ. Ó padà wá pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ le. Wọ́n ti rán ẹni sí Ìwáyà. Ó fa ẹ̀jẹ̀ Bàbá, Bàbá ò tilẹ̀ lajú. Ó mú bírò.

"Orúkọ?"

Mo na ọwọ́ pé kó fún mi kí n kọ ọ́. Kò fún mi. Ó ní, "Láti òní lọ, ẹni tó mú aláìsàn wá ni yóò pè é, èmi yóò kọ ọ́, n ó kà á padà, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò ní ṣe é lọ́nà mìíràn mọ́."

Àwọn èèyàn ti ń pọ̀ lẹ́yìn wa. Ó dúró dè mí, kò kán mi lójú. Mo pè é. Mo pe orúkọ Bàbá, gbogbo rẹ̀, bí nọ́ọ̀sì ọjọ́ yẹn ṣe pè é. Mi ò tí ì lè kọ ọ́ sínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n mo pè é.

Ó kà á padà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí lẹ jẹ́ sí i?"

Mo fẹ́ sọ pé ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ohun tó tẹnu mi jáde ni, "Ọmọ rẹ̀ ni mí." Ọmọ lè dárúkọ baba rẹ̀ fún àlejò, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ọmọ. Mo wo Bàbá. Ojú rẹ̀ wà ní pípadé.

Ọ̀gbẹ́ni Lazarus kò jẹ́ kó di ọ̀la, ó ṣe é lójú ẹsẹ̀. 138. Ẹja mi àti ẹ̀wà mi wà nínú rẹ̀. Látífàt àti ọkọ rẹ̀ dé lọ́sàn-án, ti ọkùnrin náà jẹ́ 36. Òun ni wọ́n fi sórí bẹ́ẹ̀dì Bàbá. Látífàt wá bá mi, mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún sí mi lọ́rùn. Ì bá gbá mi létí.

A padà sílé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30

Omi: ife mẹ́rìnlá. Bí mo ṣe ń bù ú sí i lẹ́nu nìyẹn, ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ mu ún tàbí kí n dà á sí yín lára." Mi ò bá a sọ̀rọ̀ báyìí rí. Ó mu ún.

Ọjọ́bọ̀, 5 Agẹmọ

104. Òsúkè ti lọ.

Ọjọ́bọ̀, 12

73. Ọ̀gbẹ́ni Lazarus pe orúkọ náà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti kọ ìwé kan mọ́ ògiri: orúkọ méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti àdúgbò.

Àlàmú Agẹdú ti relé. Látífàt ní àbúrò rẹ̀ kò fẹ́ dá ayùn padà, ó ní ẹ̀bùn ni.

Ọjọ́ Ajé, 16

Lẹ́tà dé láti Kùmásí. Lẹ́tà tèmi ni. Wọ́n fi íńkì pupa kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Bàbá ní, "Bọ́dúndé ló kọ̀wé?"

Mo ní, "Ó kí yín, Bàbá."

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Ó ṣeun." Ó ní kí n bu omi wá, òun fẹ́ mu sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù tó kọjá.

Mo sunkún lẹ́yìn ilé, lẹ́bàá ìkòkò omi. N kò tún ní kọ̀wé sí Kùmásí mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 19

55.

Ọ̀gbẹ́ni Lazarus gbé ìgò náà sókè kí n rí i. Kò pọ́n mọ́ rárá, ó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ife tíì. Bí n kò bá parọ́, ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 25. Ọsibítù

Wọ́n gbé Bàbá wọlé fún iṣẹ́ abẹ láàárọ̀. Wọ́n ní ta ni yóò fọwọ́ síwèé. Kò sẹ́lòmíràn. Mo fọwọ́ sí i. Mo jókòó. Òjò rọ̀, ó dá, ó tún rọ̀. Látífàt wá bá mi jókòó fún wákàtí kan, ó gbé ẹ̀kọ wá, ó ní àwọn ọmọ ń dúró de òun. Ó lọ. Mo ka pákó òrùlé ibẹ̀, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni.

Wọ́n gbé e jáde ní ọ̀sán, awọ ara rẹ̀ rí bí eérú. Sístà ní ẹ̀jẹ̀ kò dà púpọ̀, ṣùgbọ́n oògùn oorun wà lára rẹ̀, kí n máa pè é kó lè jí. Mo ní, "Bàbá." Àwọn àgbàlagbà mẹ́ta tí wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́tùn-ún lósì ní, "Hẹn?" Tiwa kò mira. Mo tún ní, "Bàbá." Àwọn mẹ́ta yẹn tún jẹ́.

Sístà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo wọn ni Bàbá níbí. Orúkọ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí.

"Adébọ̀dé."

Ìpéǹpéjú rẹ̀ gbọ̀n.

"Adébọ̀dé."

Ó lajú. Kò wo ògiri. Ó wò mí, ó ń wá ohùn, ohùn rẹ̀ gbẹ.

Ó ní, "Ìwọ tún ni. Mo gbọ́ ti ọjọ́sí, lórí bẹ́ǹṣì."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ dárí jì mí."

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn," ó ní. "Ọdún kejìlá rèé tó kú. Kò sẹ́ni tó dàgbà jù mí lọ láyé mọ́, kò sẹ́ni tó lè pè mí. Lọ́jọ́ tí ọmọ nọ́ọ̀sì yẹn pè mí, mo rò pé mo ti gbọ́ ọ ṣì. Mo fẹ́ kí o tún un sọ fún mi nínú ọkọ̀, ìwọ ní kí n má dá a lóhùn."

Ojú rẹ̀ tún ń pa dé.

Ó ní, "Tún un pè, ọmọ mi. Má jẹ́ kí n sùn."

Mo tún un pè.

Ọjọ́bọ̀, 26

Omi: ife mẹ́fà. Ìtọ̀: ìgò kan àbọ̀, ó pupa díẹ̀, Sístà ní yóò mọ́. Bàbá ní ẹ̀wà lòun fẹ́ jẹ, bí ó bá di ọjọ́ Àìkú.

Mo ti kọ ọ́ síwájú ìwé yìí. Adébọ̀dé, Bàrígà. Mo fi íńkì kọ ọ́.